Ẹ Má Fi Gígùn Ọ̀rọ̀ Wọn Ọgbọ́n Mọ́

Mo ní ẹjọ́ láti rò, ẹjọ́ náà sì kan gbogbo wa, àti olùkọ́ àti akẹ́kọ̀ọ́.

Ẹ̀yin tí ẹ wà níbi àpèjọ tí a fi parí sáà tí ó kọjá kò ní tíì gbàgbé eré tí a fi dá ara wa lára yá lálẹ́ ọjọ́ náà. Onídàájọ́ a kọ lẹ́tà mẹ́ta sí ojú pátákó, ẹgbẹ́ méjì a sì máa sáré wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó gùn jù lọ tí lẹ́tà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta wà nínú rẹ̀. Ó kọ p, y àti g. Kí a tó ka ení, èjì dé ogún, ọ̀dọ́mọkùnrin kan ti fò dìde, ó kọ uncopyrightable: lẹ́tà 15, kò sì sí èyí tí ó wáyé lẹ́ẹ̀mejì nínú wọn. Àtẹ́wọ́ sọ. Èmi náà pàtẹ́wọ́, n kò ní purọ́, eré náà dùn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo ní kí ó fi ọ̀rọ̀ náà sọ gbólóhùn kan fún wa, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ìyẹn kò sí nínú òfin ìdíje. Òótọ́ ni ó sọ, kò sí níbẹ̀.

Láti alẹ́ ọjọ́ náà ni mo ti ń gbọ́ kiri ọgbà pé ọmọkùnrin náà "mọ ìwé". Ta ni ó wí bẹ́ẹ̀? Ẹni tí ó bá ń wá lẹ́tà nínú ọ̀rọ̀, ojú ni ó fi ń ṣiṣẹ́. Kò pọn dandan kí ẹnu rẹ̀ tàbí ọpọlọ rẹ̀ mọ̀ sí i. Ẹ wo queueing, tí fáwẹ́lì márùn-ún tò tẹ̀ lé ara wọn nínú rẹ̀ bí èrò tí ń dúró de ọkọ̀. Bí a bá pè é sétí afọ́jú tí ó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dáadáa, kò ní rí ohun ìyanu kankan níbẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a tilẹ̀ tú àwọn baba ńlá ọ̀rọ̀ gígùn wọ̀nyí wò. Ọ̀pọ̀ nínú wa ti há pneumonoultramicroscopicsilicovolcanoconiosis sórí láti ilé-ẹ̀kọ́ girama. Lẹ́tà 45 ni. Wọ́n ní àìsàn ẹ̀dọ̀fóró tí eruku òkúta lẹ́búlẹ́bú ń fà ni. Ṣé dókítà ni ó sọ ọ́ lórúkọ? Rárá o. Everett M. Smith, ààrẹ ẹgbẹ́ àwọn olùfẹ́ àlọ́ ọ̀rọ̀ kan ní Amẹ́ríkà, ni ó hun ún ní 1935, kí ó ṣáà lè gùn ju èyí tí ó wà nílẹ̀ lọ. Àwọn dókítà ti ní orúkọ tiwọn fún irú àìsàn bẹ́ẹ̀: silicosis, lẹ́tà 9 péré. Àwọn tí ń tọ́jú aláìsàn ń lo 9, àwa tí kò tọ́jú ẹnikẹ́ni ń pariwo 45.

Honorificabilitudinitatibus ńkọ́, tí ó ní lẹ́tà 27? Shakespeare lò ó nínú eré rẹ̀ Love's Labour's Lost, tí a tẹ̀ ní 1598. Kò fi sí ẹnu ọba, kò fi sí ẹnu ọ̀mọ̀wé. Costard, aláwàdà ará oko, ni ó fi í sí lẹ́nu, níbi tí òun àti ọmọdé kan ti ń fi tíṣà kan àti ọ̀gbẹ́ni oníhàlẹ̀ kan tí wọ́n fẹ́ràn gírámà ṣe yẹ̀yẹ́. Ó lé ní 400 ọdún tí àwọn tí ó ni èdè ti ń fi ọ̀rọ̀ náà rẹ́rìn-ín. Àwa wá ń fi gba ẹ̀bùn.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò ní, "Àwọn ọmọ wa tí ń ta Scrabble, tí wọ́n di olókìkí káàkiri ayé ńkọ́?" Inú mi dùn pé wọ́n dárúkọ wọn. Ní 2015, ní ìlú Perth ní Australia, Wellington Jighere, ọmọ Nàìjíríà, gba ife ẹ̀yẹ àgbáyé nínú Scrabble, òun sì ni ọmọ Áfíríkà àkọ́kọ́ tí ó ṣe bẹ́ẹ̀. Ọgbọ́n wo ni a mọ̀ mọ́ àwọn ará wa nídìí eré náà? Ọ̀rọ̀ kúkurú ni! Lẹ́tà méje ni ó máa ń wà níwájú ẹni. Ẹni tí ó bá kó gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan a gba máàkì 50 kún tirẹ̀. Ojú ọ̀pọ̀ a máa wọ 50 yìí. Àwọn tiwa a máa rí ọ̀rọ̀ gígùn náà, wọn a sì fi í sílẹ̀. Wọn a ta ọ̀rọ̀ lẹ́tà mẹ́rin tàbí márùn-ún, wọn a dí ọ̀nà mọ́ ọ̀tá, wọn a fi lẹ́tà rere pa mọ́ de ìgbà mìíràn. Ẹ fi wé ìdíje tiwa.

Mo fẹ́ kí ẹ wo ọ̀rọ̀ kan sí i, floccinaucinihilipilification, lẹ́tà 29. Ọ̀rọ̀ Látìn mẹ́rin tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ń tọ́ka sí ohun tí kò tó nǹkan ni a so pọ̀. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni kíka nǹkan sí aláìníláárí. Àfi bí ẹni pé alẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n rí tí wọ́n fi ṣẹ̀dá rẹ̀. Nítorí àwa Ẹgbẹ́ Yorùbá, Yorùbá o, wákàtí kan gbáko ni a fi wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì, a sì ju ìṣẹ́jú márùn-ún sí èdè Yorùbá ní ìparí, bí ẹni ju èérún sí adìyẹ.

Nínú ìṣẹ́jú márùn-ún náà, ẹgbẹ́ kejì kọ aláìnítìjú, lẹ́tà 10. Ẹgbẹ́ tiwa kọ àìgbọdọ̀máṣe. Onídàájọ́ kà á ní 11, ó ní a ti borí. Mo dìde, mo ní 10 ni, nítorí ọ̀kan ṣoṣo ni gb, òun ni ìkẹjọ nínú lẹ́tà 25 tí a ń fi kọ Yorùbá. Ilé dàrú. Àwọn ẹgbẹ́ mi fi ọ̀rọ̀ ẹgbẹ́ kejì pè mí. Onídàájọ́, ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ka lẹ́tà 29 láìṣì kan, ju ọwọ́ nù, ó ní, "Kí ni ìyẹn já mọ́?" Kò sì sí ẹni tí ó dá a lóhùn, títí kan àwọn olùkọ́ wa tí wọ́n wà ní ìjókòó.

Èmi yóò dá a lóhùn níhìn-ín. Ẹ kọ i, gb àti a. Lẹ́tà mẹ́ta ni, ṣùgbọ́n ẹ gbé ohùn lé e: igba ni a ń ka owó, igbá ni a fi ń bu omi, ìgbà ni ó ń lọ, igbà ni a fi ń gun ọ̀pẹ. Ta ni yóò rí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin bí kò bá pè wọ́n síta? Eré lẹ́tà ní Yorùbá, etí àti ẹnu ni a ó fi ta á. Àwọn tí wọ́n sì ń sọ pé ọ̀rọ̀ wa kò gùn kò tíì wo àìgbọdọ̀máṣe dáadáa: kò sí ègé kan nínú rẹ̀ tí ọmọdé abúlé kò mọ̀, a kò lọ yá a ní Róòmù.

N kò bá Gẹ̀ẹ́sì jà, èmi náà yóò sì tún bá wọn ta eré náà. Àbá mi fún ìgbìmọ̀ ni pé kí ẹni tí ó bá kọ ọ̀rọ̀, ìbáà ṣe Gẹ̀ẹ́sì ìbáà ṣe Yorùbá, fi sọ gbólóhùn kan kí ó tó gba máàkì. Kí a pín wákàtí náà sí méjì ọgbọọgba. Kí ọ̀rọ̀ Yorùbá tí kò bá ní àmì ohùn gba òdo. Mo ti gé páálí, mo ti kọ lẹ́tà 25 sí i, gb lórí ègé kan ṣoṣo. Mo ń kó wọn bọ̀ ní ìpàdé tí ń bọ̀. Kí onídàájọ́ wa náà wá, kí ó jókòó sí ẹgbẹ́ kejì.