Ọmọ ló gba máàkì, ọlọ́jà ló ṣiṣẹ́

Ẹ wo nǹkan tó máa ń ṣẹlẹ̀ bí táàmù bá ti ń parí lọ. Tíṣà á ní káwọn ọmọ mú iṣẹ́ ọwọ́ wá, ọmọ ò ní í rántí sọ fún ìyá ẹ̀ àfi lálẹ́ ọjọ́ tó kù ọ̀la. Bílẹ̀ bá mọ́, ó dọjà. Ìyá á ra àdìrẹ kékeré kan, wọ́n á kọ orúkọ ọmọ sí i lára, ọmọ á gba máàkì mẹ́jọ nínú mẹ́wàá. Ta ló wá kọ́ṣẹ́ níbẹ̀? Ọmọ tí wọ́n kọ orúkọ ẹ̀ sára aṣọ ò tíì mọ bí wọ́n ṣe ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́.

Bẹ́ẹ̀, àdìrẹ wà lára iṣẹ́ ọnà tíjọba ní kí wọ́n máa kọ́ wọn nílé ìwé. Owó làwọn òbí ń rojọ́ ẹ̀, pé aṣọ funfun ti wọ́n. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ta ló ní dandan ni kó jẹ́ tuntun? Ilé wo ni ò ti sí ṣẹ́ẹ̀tì tó ti ya lọ́rùn, bẹ́ẹ̀dìṣíìtì tó ti fà ya, yúnífọ́ọ̀mù tí ẹ̀gbọ́n ti dàgbà jù? Bí ò bá sí nílé, òkìríkà wà ní Katangúà.

Àlòkù gan-an ló rọrùn fọ́mọdé. Sítáàṣì ara aṣọ tuntun kì í jẹ́ kó mu aró dáadáa, àfi bí wọ́n bá kọ́kọ́ fọ̀ ọ́. Àlòkù ti rọ̀, ó ti ṣe tán. Kó ṣáà ti jẹ́ òwú, torí aró ò ní í mú pólísítà. Kí tíṣà fa fọ́nrán kan yọ, kó fi iná sí i: òwú á jó bíi bébà, á di eérú, pólísítà á yọ́, á sì dì bí ìlẹ̀kẹ̀ kékeré. Ìyẹn nìkan tó ẹ̀kọ́ sáyẹ́ǹsì ọjọ́ kan.

Ẹni tó bá ń fojú àkísà wò ó, kó wo aṣọ eégún wa, aṣọ lórí aṣọ. Ní Gee's Bend, l'Alabama ní Amẹ́ríkà, àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tí baba ńlá wọn ṣẹrú ń gé ṣẹ́ẹ̀tì àti ṣòkòtò oko tó ti gbó, wọ́n ń rán an pọ̀ di aṣọ ìbora. Lọ́dún 2002, wọ́n pàtẹ ẹ̀ nílé ìṣẹ̀ǹbáyé ní Houston àti New York. Lọ́dún 2006, ìjọba Amẹ́ríkà ya àwòrán ẹ̀ sórí sítáǹbù lẹ́tà. Àkísà o!

Nílé níbí, Màmá Nike Davies-Okundaye tí wọ́n bí lọ́dún 1951 mọṣẹ́ aṣọ láti kékeré l'Ógìdì, ọ̀dọ̀ àwọn ìyá àgbà ilé wọn. Lọ́dún 1983, ó dá ibùdó sílẹ̀ l'Óṣogbo, ó sì ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ níbẹ̀ láìgba kọ́bọ̀.

Sódà nìkan ló yẹ kí wọ́n ṣọ́ra fún. Ó ń bó ọwọ́, ó lè ba ojú jẹ́. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, àríyànjiyàn ńlá dé l'Ábẹ́òkúta lórí sódà àti aró òyìnbó, débi tí Aláké Ládàpọ̀ Adémọ́lá fi fòfin dè é. Nítorí náà, tíṣà tó wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà ni kó máa dúró ti ìkòkò aró. Tàwọn ọmọ ni kí wọ́n wé òkúta wẹ́wẹ́ sínú aṣọ, kí wọ́n fi ìko dì í, kí wọ́n fi abẹ́rẹ́ rán an, kí wọ́n sì tú u. Aṣọ tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú aró ẹ̀lú, àwọ̀ ewé ló máa ń ní. Bí afẹ́fẹ́ bá ti fẹ́ sí i, á di búlúù lójú wọn báyìí. Ẹ wá wo ariwo nínú kíláàsì!

Iṣẹ́ tọ́mọ bá fọwọ́ ara ẹ̀ ṣe á wọ́ díẹ̀ o, kò ní í gún bíi tọjà. Tíṣà tó bá wá fún un ní máàkì mẹ́rin, tó fún tọjà ní mẹ́jọ, òun gan-an ló ń rán àwọn ìyá lọ sọ́jà.