Góòlù Nìkan Kọ́ Ni Ẹlẹ́rìí

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Bí òwe yìí ṣe bá ààfin ọba mu ni ó bá pápá bọ́ọ̀lù mu. Bí ilé ẹ̀kọ́ kan ní Èrúkù bá gba àlejò láti Òsí tàbí Ìlọ́fà, tí àlejò gbá góòlù mẹ́ta sílé tí onílé kò sì rí ẹyọ kan gbá, ẹjọ́ ti parí kí eruku pápá tó rọlẹ̀. Wọn a sọ aṣọ́lé ní Ajere, wọn a ní àwọn tó gbá ẹ̀yìn kò mọ nǹkan kan. Ẹlẹ́rìí kan ṣoṣo ni wọ́n gbọ́ tẹnu rẹ̀: iye góòlù. Ọmọ tí wọ́n dá lẹ́bi báyìí lè má tẹ pápá mọ́ láéláé.

Irú ìdájọ́ bẹ́ẹ̀ kò tọ́. Ẹ wo ẹgbẹ́ agbábọ́ọ̀lù Super Eagles. Ní ọdún 2013, ní South Africa, wọ́n gba ife ẹ̀yẹ ilẹ̀ Áfíríkà lábẹ́ olùkọ́ni Stephen Keshi. Ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6 ni wọ́n gbá, góòlù 4 ni ó wọ ilé wọn. Nígbà tí ìdíje náà wáyé ní Côte d'Ivoire ní oṣù kìíní àti oṣù kejì ọdún 2024, wọ́n gbá ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 7 lábẹ́ José Peseiro. Góòlù 4 náà ni ó wọ ilé wọn, ṣùgbọ́n Côte d'Ivoire fi góòlù 2 sí 1 borí wọn ní àṣekágbá. Bí ó bá jẹ́ pé góòlù tó wọlé nìkan ni adájọ́, àwọn tó gbá ẹ̀yìn ní 2024 sàn ju àwọn tó gba ife lọ, nítorí pé 4 nínú 7 kéré sí 4 nínú 6. Kí ni ó wá fa ìyàtọ̀?

Kíkà kọ́ ni wíwọ̀n. Àgbẹ̀ tó ń ta iṣu kì í fi iye nìkan dá owó lé e. Ó ń wo bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó. Bẹ́ẹ̀ ni àwọn onímọ̀ ìṣirò ṣe ń ṣe sí bọ́ọ̀lù lóde òní. Gbogbo bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá gbá sí ojú ilé ni wọ́n ń wọ̀n: ibo ni wọ́n ti gbá a, ṣé ẹsẹ̀ ni tàbí orí, ṣé pẹ́náritì ni? Nínú pẹ́náritì 100, ó lé ní 70 tó máa ń wọlé. Nínú 100 tí wọ́n gbá láti òkèèrè, díẹ̀ péré ni. Nítorí náà, ẹgbẹ́ tó jẹ́ kí ọ̀tá gbá bọ́ọ̀lù 10 láti ọ̀nà jíjìn lè ti ṣọ́ ilé dáadáa ju ẹgbẹ́ tó jẹ́ kí wọ́n gbá 2 péré lójú ilé gan-an.

Ẹ fi ojú yìí wo góòlù 4 ti 2024. Lẹ́yìn tí Equatorial Guinea ti gbá ẹyọ kan sílé wọn, ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 4 tẹ̀ léra wọn tí ẹnikẹ́ni kò rí ilé wọn wọ̀: Côte d'Ivoire, Guinea-Bissau, Cameroon àti Angola. Pẹ́náritì ni South Africa fi rí tiwọn ní ìṣẹ́jú 90. Ní àṣekágbá, Simon Adingra ni ó gbé bọ́ọ̀lù méjèèjì wá: Franck Kessié fi orí kan èyí tó ti kọ́nà wá, Sébastien Haller fi ẹsẹ̀ kan èkejì.

Ẹ̀rí mìíràn tún wà. Ní ọjọ́ náà, ọwọ́ Côte d'Ivoire ni bọ́ọ̀lù wà fún èyí tó pọ̀ jù nínú àkókò. Bẹ́ẹ̀ sì ni góòlù 11 ni àwọn ti 2013 gbá nínú ìfẹsẹ̀wọnsẹ̀ 6, tí àwọn ti 2024 gbá 8 péré nínú 7. Ẹni tí kò rí ẹlòmíràn bá a gbé ẹrù lọ́nà, bó pẹ́ bó yá, ọrùn á wọ̀ ọ́. Ẹ̀bi kò sí lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀yìn nìkan. Àwọn tó ṣètò ìdíje náà pàápàá fi àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dára jù lọ dá William Troost-Ekong lọ́lá, ẹ̀yìn ni ó sì ń gbá.

Síbẹ̀, òǹkà kì í ṣe ọba. Agbábọ́ọ̀lù tó dúró síbi tó yẹ, tí ọ̀tá fi gba ibòmíràn lọ, kò sí ìwé òǹkà tó rọrùn láti kọ orúkọ rẹ̀ sí. Ẹlẹ́rìí ni òǹkà; ojú ni ẹlẹ́rìí kejì.

Kò sí ilé ẹ̀kọ́ tí kò lè ṣe é. Kí olùkọ́ fún akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́ta ní ìwé àti bírò. Kí èkíní ya àwòrán pápá, kí ó sì sàmì sí ibi tí wọ́n ti gbá bọ́ọ̀lù sí ojú ilé. Kí èkejì ka iye ìgbà tí ọ̀tá fún ara wọn ní bọ́ọ̀lù kí ẹnikẹ́ni tó dí wọn lọ́wọ́. Kí ẹ̀kẹta kọ ibi tí bọ́ọ̀lù ti bọ́ lọ́wọ́ àwọn tiwọn. Ìṣirò ni, èdè Yorùbá ni wọn yóò sì fi jábọ̀. Nígbà náà ni wọn yóò mọ̀ bóyá ajere ni aṣọ́lé wọn lóòótọ́, tàbí àwọn mẹ́wàá yòókù ni kò dí ihò.