Tábìlì Iṣẹ́ Nínú Ilé Ọkọ̀

Bí ẹnì kan bá wí pé òun ń lọ sí gáréèjì, ibi tí èrò ti ń wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú òkèèrè ni ọkàn ẹni tí ó gbọ́ yóò kọ́kọ́ lọ. Ṣùgbọ́n irú gáréèjì mìíràn wà, èyí tí a kọ́ mọ́ ara ilé fún ọkọ̀ onílé nìkan, tí ilé ọkọ̀ sì jẹ́ orúkọ tí ó bá a mu. Ní Bódìjà ní Ìbàdàn, àdúgbò tí Àjọ Ilé Kíkọ́ ti Ìwọ̀ Oòrùn Nàìjíríà, tí a dá sílẹ̀ ní 1958, kọ́ ilé sí, àti ní irú àdúgbò bẹ́ẹ̀ ní Èkó àti Abẹ́òkúta, kì í ṣe gbogbo ilé ọkọ̀ ni ó ń gba ọkọ̀ mọ́. Òmíràn ti di ṣọ́ọ̀bù. Òmíràn ti di àká tí a ń kó àga tí ó ti kán àti táyà tí ó ti gbó sí. Díẹ̀ nínú wọn ni ó ti di ibi iṣẹ́ ọwọ́, àwọn díẹ̀ yìí ni ọ̀rọ̀ sì kàn.

Ìyìn yẹ tísà tàbí akọ̀wé tí ó fẹ́ máa fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún àga ilé rẹ̀ ṣe, tí ó sì fẹ́ kí àwọn ọmọ rẹ̀ mọ bí a ti ń di ayùn mú. Àwọn kan ń wo irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ bí ahun tí kò fẹ́ sanwó fún káfíńtà. Ojú tí wọ́n fi ń wò ó kò dára. Àléébù rẹ̀ wà ní ibòmíràn. Ìsàlẹ̀ ni a ti í gun igi, ṣùgbọ́n òkè ni ọ̀pọ̀ nínú wọn ti ń bẹ̀rẹ̀. Kọ́bọ́ọ̀dù ni wọ́n kọ́kọ́ ń kàn. Wọn a ti rí àwòrán yàrá kan níbi tí kọ́bọ́ọ̀dù aláwọ̀ kan náà ti to ara wọn láti igun dé igun. Wọn a pe káfíńtà, òun náà a sì fi kọ́bọ́ọ̀dù yí ògiri mẹ́ta ká. Nígbà tí owó bá ti tán ni wọ́n ń rántí tábìlì iṣẹ́, èyí tí wọn yóò sì fún ní àyè tí ó bá ṣẹ́ kù, ní igun tí ó ṣókùnkùn jù lọ.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ bí ibi iṣẹ́ onígi ti yẹ kí ó rí, káfíńtà ẹ̀bá ọ̀nà ni kí ó lọ wò. Òpó mẹ́rin ni ó rì mọ́lẹ̀, páànù ni ó sì fi bò wọ́n lórí. Kò ní ju àpótí kan tí ó ń ti àwọn irin iṣẹ́ rẹ̀ mọ́ nígbà tí ilẹ̀ bá ṣú. Ṣùgbọ́n tábìlì rẹ̀ wà ní àárín gbùngbùn, ó lè yí i ká, ìmọ́lẹ̀ ń tàn sí i láti ọ̀nà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, pákó gígùn kò sì ní ohun tí yóò gbá. Afẹ́fẹ́ ni ó ń bá a gbá lẹ́búlẹ́bú pákó lọ. Àwọn tí ó ní ilé ọkọ̀ a máa wí pé, bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá lè kan ibùsùn láìsí ètò kankan, kí ni ìwúlò ètò? Wọn kò fiyè sí i pé ohun gbogbo tí ìta gbangba ń fún un lọ́fẹ̀ẹ́ ni ògiri ilé ọkọ̀ ń fi du àwọn. Ìmọ́lẹ̀, afẹ́fẹ́ àti àyè láti yí pákó padà, dandan ni kí onílé fi ọgbọ́n wá wọn padà.

Tábìlì yìí gan-an kì í ṣe ohun tí gbogbo oníṣẹ́ igi ń lò láti àtètèkọ́ṣe. Gbẹ́nàgbẹ́nà ayé àtijọ́ a máa jókòó ti òdidi igi, a fi ẹsẹ̀ tì í mú, a sì fi àáké àti ọ̀bẹ gbẹ́ ère jáde láti inú rẹ̀. Káfíńtà kì í yọ nǹkan jáde nínú igi. Pákó ni ó ń so pọ̀. Àwọn Àgùdà tí ó ti Brazil padà sí Èkó ní ọ̀rúndún kọkàndínlógún wà lára àwọn tí iṣẹ́ yìí yé dáadáa ní ilẹ̀ Yorùbá, iṣẹ́ ọwọ́ àwọn kọ́lékọ́lé wọn sì hàn lára Mọ́ṣáláṣí Shitta-Bey tí a ṣí ní 1894. Ohun tí a bá ń so pọ̀ kò lè gún bí ohun tí a gbé e lé kò bá tẹ́jú. Bí tábìlì bá wọ́, dúrọ́ọ̀ tí a kàn lórí rẹ̀ yóò wọ́, kò sì ní wọlé dáadáa títí ayé rẹ̀.

Nítorí náà, ara ẹni tí yóò ṣiṣẹ́ ni kí a kọ́kọ́ wọ̀n, kí a tó wọn ògiri. Kí onítọ̀hún dúró ṣánṣán nínú bàtà tí ó ń wọ̀ ṣiṣẹ́, kí ó jọ̀wọ́ apá rẹ̀ méjèèjì sílẹ̀, kí ẹlòmíràn sì wọ̀n ọ́n láti ilẹ̀ dé ọrùn ọwọ́ rẹ̀. Ibẹ̀ ni òkè tábìlì yẹ kí ó dé. Fún ọ̀pọ̀ àgbàlagbà, yóò tó nǹkan bí ínṣì 34, èyíinì ni sẹ̀ǹtímítà 86. Ẹni tí ó ń fi ìfági ṣiṣẹ́ lójoojúmọ́ lè fẹ́ kí ó rẹlẹ̀ díẹ̀ sí i, kí ìwúwo ara rẹ̀ lè bá a ti irin náà síwájú. Tábìlì ìjẹun kì í tó ínṣì 31, ìdí nìyẹn tí ẹ̀yìn fi ń dun ẹni tí ó bá fi í ṣiṣẹ́ igi. Ní ti fífẹ̀, ínṣì 24 sí 30 tó. Èyí tí ó bá fẹ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọwọ́ kò ní tó ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ̀yìn náà yóò sì di ilé ìṣó àti agolo ọ̀dà.

Kí igi rẹ̀ wúwo. Apá tàbí ìrókò ni ó yẹ fún ẹsẹ̀ rẹ̀, nítorí arère fúyẹ́ jù, ikán sì fẹ́ràn rẹ̀. Fáìsì, irin tí í di igi mú, apá òsì ni ààyè rẹ̀ fún ẹni tí ó ń lo ọwọ́ ọ̀tún. Apá òsì náà ni kí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé ti wá, kí òjìji ọwọ́ má baà bo ilà tí ayùn ń tọ̀. Bí onílé bá lè yan fèrèsé tí yóò lò, kí ó yan èyí tí ó kọjú sí àríwá tàbí gúúsù. Oòrùn òwúrọ̀ àti ti ìrọ̀lẹ́ a máa gba fèrèsé ìlà oòrùn àti ti ìwọ̀ oòrùn wọlé, a sì máa ta bá ojú.

Wàyí o, ọ̀rọ̀ kan ilẹ̀ yàrá. Ká ní ilé ọkọ̀ kan gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 20, tí ó sì fẹ̀ ní ẹsẹ̀ bàtà 10. Toyota Camry ti ọdún 2008 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 16 ó dín díẹ̀, ó sì fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 6. Ohun tí ó ṣẹ́ kù kò ju ẹsẹ̀ bàtà mẹ́rin ní gígùn àti mẹ́rin ní ìbú. Bí kọ́bọ́ọ̀dù tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 bá wà ní ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ bàtà 2 péré ni ó kù fún ẹni tí ó fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀ jáde. Bí ó bá sanra, inú ọkọ̀ ni yóò sùn. Ọ̀pọ̀ onílé kì í fẹ́ gba òtítọ́ yìí. Wọ́n fẹ́ kí ọkọ̀, tábìlì àti kọ́bọ́ọ̀dù jọ máa gbé pọ̀ ní gbogbo ìgbà. Kò ṣeé ṣe. Ọkọ̀ ní táyà tí ó fi ń rìn. Tábìlì ní ẹsẹ̀ mẹ́rin, kò sì lè fi wọ́n rìn. Ọkọ̀ ni kí ó jáde nígbà iṣẹ́.

Pákó tí wọ́n ń tà ní ọjà pákó Bódìjà a sábà máa gùn ní ẹsẹ̀ bàtà 12. Kò lè dùbúlẹ̀ ní ìbú yàrá ẹlẹ́sẹ̀ bàtà 10. Gígùn ògiri ni tábìlì gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé, kí àyè sì wà níwájú àti lẹ́yìn rẹ̀ fún pákó tí a ń rẹ́. Kí onílé fi ẹfun ya gbogbo rẹ̀ sí ilẹ̀ bí yóò ti tóbi gan-an, kí ó to páálí sí ibi tí kọ́bọ́ọ̀dù yóò wà, kí ó sì máa wọlé jáde láàárín wọn fún ọ̀sẹ̀ kan. Kí ó gbé pákó kan kọjá níbẹ̀. Ibi tí pákó bá ti gbá páálí ṣubú, ẹfun ni yóò nù, kì í ṣe kọ́bọ́ọ̀dù ni yóò tú.

Lẹ́yìn èyí ni kọ́bọ́ọ̀dù tó kàn, kò sì gba àlàyé púpọ̀. Ohun tí a ń lò lójoojúmọ́, láàárín ojú àti ìbàdí ni kí ó wà; ohun tí ó wúwo, ìsàlẹ̀. Dúrọ́ọ̀ tí ó jìn ní ẹsẹ̀ bàtà 2 nílò ẹsẹ̀ bàtà 2 mìíràn níwájú rẹ̀ láti ṣí, yàtọ̀ sí àyè ẹni tí ó ń ṣí i. Kí kọ́bọ́ọ̀dù ga kúrò nílẹ̀, kí ó sì fi àyè díẹ̀ sílẹ̀ lẹ́yìn, kí a lè tètè rí ọ̀nà amọ̀ tí ikán bá là gba ara ògiri. Bí ó bá fara ti ògiri tí òjò ń rin, ìpáàrà yóò mú gbogbo irin tí ó wà nínú rẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn fẹ́ràn ilẹ̀kùn kọ́bọ́ọ̀dù nítorí pé ó ń bo ìdọ̀tí. Ìdí yẹn gan-an ni kò fi yẹ kí ilẹ̀kùn pọ̀. Ó sàn kí ayùn àti òòlù rọ̀ sára ògiri, kí a ya àwòrán ọ̀kọ̀ọ̀kan sí ẹ̀yìn rẹ̀, kí àyè tí ó ṣófo lè fi ẹni tí ó yá a tí kò dá a padà hàn.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ó bá tábìlì gbé rárá: ẹ̀rọ amúnáwá. Bí iná bá lọ, àwọn kan a máa tan án sínú ilé ọkọ̀, wọn a sì ṣí ilẹ̀kùn díẹ̀. Èéfín rẹ̀ ní kábọ́ọ̀nù mónọ́sáìdì nínú, tí kò láwọ̀, tí kò sì lóòórùn. Yóò gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọ yàrá tí àwọn ọmọ sùn sí, wọn kò sì ní jí. Ilẹ̀kùn tí ó ṣí kò tó láti lé e jáde. Ìta ni ààyè ẹ̀rọ náà, kí ó jìnnà sí gbogbo fèrèsé. Kẹ́ẹ̀gì epo bẹntiróòlù náà kò gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, nítorí atẹ́gùn tí ń jáde lára epo náà wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ, a máa fà nílẹ̀ẹ́lẹ̀ títí yóò fi pàdé ẹ̀ta iná láti ara ayùn oníná. Lẹ́búlẹ́bú ìrókò a máa fa ikọ́ àti ara yíyún. Kí oníṣẹ́ fi nǹkan bo imú. Kí ihò iná wà lára ògiri lókè tábìlì, kí wáyà má ṣe dábùú ọ̀nà.

Ó ku ti àwọn ọmọ. Bàbá kan lè rò pé kí òun gé ẹsẹ̀ tábìlì kí ọmọ ọdún mẹ́wàá lè máa bá òun ṣiṣẹ́. Kí ó má gé e. Àpótí pẹlẹbẹ kan tí ó lágbára ni kí ó kàn fún ọmọ náà láti dúró lé lórí. Bí ọmọ bá ti ń ga ni yóò máa fá díẹ̀ kúrò lára àpótí náà, títí ọmọ yóò fi dúró sórí ilẹ̀.