Ta Ni Yóò Máa Ra Ìwé Lọ́dọọdún?
Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tẹ́ ẹ fẹ́ kọ́ ilé ìkàwé sílùú yín, ẹ kú ináwó o, àmọ́ ta ni yóò máa ra ìwé síbẹ̀? Lọ́dún 1833, nínú ìpàdé ìlú ni àwọn ará Peterborough, ìlú kékeré kan ní New Hampshire, Amẹ́ríkà, ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n fi owó ìjọba ra ìwé tí tolówó tálákà yóò máa yá lọ́fẹ̀ẹ́. Wọn ò tíì kọ́lé kankan. Inú ṣọ́ọ̀bù kan, tó tún jẹ́ ilé ìfìwéránṣẹ́, ni wọ́n kó ìwé náà sí! Carnegie pàápàá, tówó wà lọ́wọ́ rẹ̀, a máa ní kí ìlú kọ́kọ́ ṣèlérí ìdá kan nínú mẹ́wàá owó tóun bá fún wọn, lọ́dọọdún, fún ìtọ́jú. Kẹ́ ẹ tó pe bíríkìlà, ẹ jẹ́ ká jọ lọ bá káńsù sọ̀rọ̀ owó ìwé.