Ọmọ Iṣẹ́ Kì Í Ṣe Ìwọ̀fà

Olóòtú,

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ fún mi láyè nínú ìwé ìròyìn yín kí n bá àwọn ọ̀gá oníṣẹ́ aṣọ ní Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́ sọ̀rọ̀, àti àwa tí à ń gbé aṣọ fún wọn rán.

Kò sí ẹni tí kò mọ bó ṣe ń lọ. Òbí mú ọmọ wá sọ́dọ̀ télọ̀ tàbí ahunṣọ, kò rí owó ìkọ́ṣẹ́ san. Ọ̀gá ní kò burú, kí ọmọ fi ọdún kan tàbí méjì kún un. Nígbà mìíràn, òbí náà á tún yá owó díẹ̀ lọ́wọ́ ọ̀gá. Láti ọjọ́ náà, ọmọ ti di ohun ìdógò. Ó mọṣẹ́ tán, ó ń gé ṣòkòtò, ó ń rán bùbá, ó ń hun òfì láti àárọ̀ dalẹ́, ọ̀gá ló ń gba owó rẹ̀. Bó bá ní òun fẹ́ gba fíríídọ̀mù, wọ́n á ní ó dìgbà tí owó bá pé: owó ọtí, owó ìrẹsì, owó sàtífíkéètì. Níbo ni ẹni tí a kò san kọ́bọ̀ fún ti fẹ́ rí i?

Ìwọ̀fà gan-an nìyẹn. Láyé àtijọ́, iṣẹ́ tí ìwọ̀fà ń ṣe kì í dín gbèsè kù rárá, èlé lásán ni. Àlùfáà Samuel Johnson tó gbé Ọ̀yọ́ kọ ọ́ sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921 pé ìwọ̀fà tó jẹ́ àgbà ń gbé nílé ara rẹ̀, ó sì ń ṣe iṣẹ́ tirẹ̀ lọ́tọ̀. Ẹ wá wo ọmọ iṣẹ́ tó ń sùn sí ṣọ́ọ̀bù, tó ń pọnmi, tó ń fọ aṣọ ìyàwó ọ̀gá. Èwo ló sàn nínú àwọn méjèèjì?

N kò ní kí ọmọ má kọ́ṣẹ́ o, àwọn ọ̀gá gidi sì pọ̀. Ṣùgbọ́n òfin wà. Òfin iṣẹ́ ti 1974 gbà kí ọmọ tó ti lé ní ọdún 12 tí kò tíì pé 16 kọ́ṣẹ́, bí ìwé àdéhùn bá wà, tí ọmọ fúnra rẹ̀ fọwọ́ sí i, tí òṣìṣẹ́ ìjọba jẹ́rìí sí i, tí kò sì ju ọdún 5 lọ. Mélòó nínú wa ló ti fojú rí irú ìwé bẹ́ẹ̀? Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003, tí Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́ sọ di tirẹ̀ ní 2006, náà lòdì sí fífi ipá mú ọmọ ṣiṣẹ́. Ní 2003 yẹn kan náà ni wọ́n kó àwọn ọmọ Bẹ̀nẹ̀ bíi 200 kúrò níbi tí wọ́n ti ń fọ́ òkúta lágbègbè Abẹ́òkúta. Gbogbo wa la pariwo. Ti inú ṣọ́ọ̀bù kì í hàn, torí rédíò ń kọrin níbẹ̀, ọmọ náà sì ń kí oníbàárà pé ẹ káàbọ̀ mà.

Ẹni tó ń rajà lágbára. Ní Uzbekistan, ìjọba máa ń fipá kó àwọn èèyàn lọ ká òwú lóko tẹ́lẹ̀. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ aṣọ ní Yúróòpù àti Amẹ́ríkà kọ̀, wọn ò ra òwú ibẹ̀ mọ́, àfi ìgbà tí nǹkan yí padà ni wọ́n tó ṣíwọ́ ìkọ̀sílẹ̀ náà ní 2022. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, láti 2015, òfin ní kí àwọn ilé iṣẹ́ ńlá máa sọ lọ́dọọdún ohun tí wọ́n ṣe kí ẹrú má baà sí nídìí ọjà wọn.

Àwa ńkọ́? A ń gbé aṣọ ẹbí lọ ní Ọjọ́rú, a fẹ́ gbà á ní Ọjọ́ Ẹtì, a tún ń yọ owó ìránṣọ. Ta la rò pé ó ń rán an mọ́jú? Kí ẹni tó ń rán yúnífọ́ọ̀mù fún odindi iléèwé béèrè lọ́wọ́ ọ̀gá pé: àwọn wo ló máa rán an, ṣé wọ́n ti gba fíríídọ̀mù, èló lẹ ń fún wọn?

Mo bẹ ẹgbẹ́ télọ̀ àti ẹgbẹ́ ahunṣọ nílùú méjèèjì, ọwọ́ wọn ni sàtífíkéètì wà. Kí wọ́n ṣòfin pé ọmọ tó bá ti pé ọdún tí àdéhùn sọ ti gba òmìnira, ìbáà ṣe pẹ̀lú ìrẹsì tàbí láìsí ìrẹsì. Kí wọ́n sì ṣe é kí iléèwé tó wọlé, kí iṣẹ́ yúnífọ́ọ̀mù tó dé.

Èmi ni òǹkàwé yín,
Oníbàárà télọ̀, Ògbómọ̀ṣọ́.