Kí Alùpùpù Tó Sáré

Ní Bonneville, pápá iyọ̀ kan ní ìpínlẹ̀ Utah ní Amẹ́ríkà, ni Burt Munro, bàbá ẹni ọdún 68 láti New Zealand, ti gun alùpùpù Indian tí wọ́n ṣe ní 1920, tó fi sá ju 180 máìlì ní wákàtí kan lọ ní 1967.

Lónìí, kí alùpùpù tó sáré níbẹ̀, àwọn alábòójútó á kọ́kọ́ yẹ̀ ẹ́ wò. Ṣé táyà rẹ̀ lè gba irú eré bẹ́ẹ̀? Ṣé okùn wà tí wọ́n so mọ́ ẹni tó gùn ún, tó jẹ́ pé bó bá ṣubú, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀? Àṣíborí, aṣọ awọ, ìbọ̀wọ́ àti bàtà ńkọ́? Èyí tí kò bá pé, kò ní sáré.

Ní Adabraka wa níbí, ta ni yóò yẹ ọ̀kadà tó ń gbé ọmọ wa lọ sí Circle wò? Àwa náà ni. Òfin ìrìnnà Gánà ti 2012 ní kí ẹni tó ń gùn ún àti ẹni tó gbé sẹ́yìn dé àṣíborí. Ẹ wo táyà, ẹ wo bíréèkì, ẹ béèrè àṣíborí kejì. Bí kò bá sí, ẹ jẹ́ kó máa lọ. Ká pẹ́ délé sàn ju ká má délé lọ.