Dókítà Ọpọlọ Nínú Ọgbà Ẹ̀wọ̀n: Ta Ni Ó Ń Gbè Lẹ́yìn?

Àwọn kan ń sọ pé dókítà ọpọlọ tí ó bá kọ ìwé sí ilé ẹjọ́, kí wọ́n lè dín ọdún ẹlẹ́wọ̀n kù, ọ̀daràn ni ó ń gbè lẹ́yìn. Ọ̀rọ̀ yìí dùn létí, ṣùgbọ́n kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀.

Èkíní: àwọn onímọ̀ Ṣàríà fohùn ṣọ̀kan pé a kì í kọ ẹ̀ṣẹ̀ sí wèrè lọ́rùn títí làákàyè rẹ̀ yóò fi padà. Abala 28 nínú ìwé òfin ọ̀daràn ilẹ̀ Nàìjíríà pẹ̀lú gbà pé ẹni tí àrùn ọpọlọ gba òye lọ́wọ́ rẹ̀ kò jẹ̀bi. Bí wèrè pátápátá bá bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀bi, ó tọ́ kí adájọ́ gbọ́ nípa ẹni tí àìsàn náà mú níwọ̀nba kí ó tó ka ọdún fún un. Ta ni yóò sọ fún un? Dókítà kì í ṣe adájọ́, ẹlẹ́rìí ni. Òun kan náà ni yóò tú àṣírí ẹni tí ó ń díbọ́n.

Èkejì: òfin ti là á sílẹ̀. Abala 468 nínú òfin ìdájọ́ ọ̀ràn dídá ti ọdún 2015, èyí tí ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ ń lò, sọ pé ẹni tí a dá ẹ̀wọ̀n ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún, tí ó ti lo ìdá kan nínú mẹ́ta rẹ̀, tí ìwà rẹ̀ sì dára, ilé ẹjọ́ lè dá èyí tí ó kù dúró bí ọ̀gá àgbà ilé iṣẹ́ ẹ̀wọ̀n bá kọ ìwé nípa rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwà wo ni ojú wọ́dà ń rí? Ẹni tí ó jókòó jẹ́ẹ́ sí igun, ó lè jẹ́ pé ìbànújẹ́ ni ó ti pa á lẹ́nu mọ́. Ẹni tí ó ń jà lójoojúmọ́, ó lè jẹ́ pé oògùn ni yóò wò ó sàn. Ìwé tí kò ní ọ̀rọ̀ dókítà nínú, ó kù díẹ̀ káàtó.

Wọ́n á ní, "Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ńkọ́?" Òfin yẹn kan náà ní kí a gbọ́ ti agbẹjọ́rò ìjọba kí a tó tú ẹnikẹ́ni sílẹ̀. Ó tún ní kí ẹni tí a tú sílẹ̀ gba ẹ̀kọ́ àtúnṣe kí ó lè bá àwùjọ gbé. Ọ̀pọ̀ ẹlẹ́wọ̀n ni ọdún wọn yóò pé, tí wọn yóò sì jáde, bí a fẹ́ bí a kọ̀. Èwo ni ó léwu jù: ẹni tí a ti tọ́jú, tí a mọ ilé tí yóò wọ̀, iṣẹ́ tí yóò ṣe àti ibi tí yóò ti gba oògùn, tàbí ẹni tí a tì síta láìsàn, láìsí ẹbí, láìsí kọ́bọ̀?

Kì í ṣe àlá. Láti ọdún 1954 ni Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéoyè Lambo ti fi àwọn aláìsàn ọpọlọ sí abúlé tí ó yí Aro ká ní Abẹ́òkúta. Wọ́n ń gbé láàrin ènìyàn, wọ́n ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì ń gba ìtọ́jú.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ Mùsùlùmí, ẹ kọ́ iṣẹ́ ìtọ́jú ọpọlọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ìjọba pé dókítà mélòó ni ó wà ní ọgbà ẹ̀wọ̀n ìlú yín. Bí atẹ̀wọ̀ndé bá wọ sáàfù, ẹ má sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, a ó fi tòsì fà á mọ́ra. Orílẹ̀-èdè tí ó ní ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ọmọ rẹ̀ kò ní gbọ́n.